Ọjọ́ Tí Alágbàtọ́ Kò Rí Ìrántí Rẹ̀

"Ta ló kọ èyí?" ni Akọ̀wé bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló mọ̀. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó lọ fi ìka kan tẹlifísàn ńlá tó wà lára ògiri. "Ẹlẹ́rìn-ín, bá mi kà á sókè kí gbogbo ayé gbọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín ti ń rẹ́rìn-ín kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Ó ní, 'Bí o kò bá rí ìrántí, má ṣe ohunkóhun. Dúró. Béèrè lọ́wọ́ ènìyàn.'"

"Béèrè lọ́wọ́ ènìyàn!" Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "A gbé ètò kọ̀ǹpútà kalẹ̀ kó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà, ẹnì kan wá jókòó síbí, ó ń kọ́ ọ ní ìtìjú. Ṣé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni ètò ni, tí yóò máa tọrọ ààyè kó tó wọ ilé ìdáná?"

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó kọ ọ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife omi kan mú, kò sì mu nínú rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́, ọ̀gá."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ta tún ni ìbá jẹ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ló dá wa dúró lánàá tí a ń dán an wò? Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, á ní òun ní ìbéèrè. Mo ti sọ fún àwọn oníbàárà pé tí ọ̀sán bá fi máa pọ́n, ètò tuntun ti wọlé. Wá síbí, ìyàwó. Wá fi ọwọ́ ara rẹ yọ ọ́, kí n rí i."

Ìyàwó ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kò ju tábìlì méjì lọ nínú yàrá kan lókè ibi tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe. "Ìyàwó, bá mi wo ibí yìí." "Ìyàwó, kí lo rí?" Gbogbo ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́yìn náà ló bá orúkọ náà nílẹ̀, tí wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ilé iṣẹ́ ló fẹ́ ẹ. Ọkọ náà ti kú láti ìgbà òjò tó kọjá. Orúkọ náà kò bá a kú.

Akọ̀wé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló gba àga ọ̀gá. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé nígbà tó wọlé ọkọ, tó bá a ní ọmọ iléèwé tí kì í yọ bírò kúrò létí. Nígbà ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "ẹ" ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀: "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìyàwó wa, ṣé ẹ ti jẹun?" Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin òkú ni "ẹ" di "o." Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó ṣe bí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ìyàwó gbé ife omi sílẹ̀, ó lọ síwájú. Ẹlẹ́rìn-ín sún fún un. Ó yọ ìlà kìíní, ó yọ ìkejì, ó yọ ìkẹta. Gbogbo wọn ń wò ó lára ògiri. Ètò náà sì ṣe ohun tí ó máa ń ṣe nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án: ó kọ orúkọ ẹni tó yọ ọ́ sílẹ̀.

"O ṣeun," ni Akọ̀wé wí. "Ṣé o rí i pé kò dùn ọ́?"

* * *

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà fún àwọn tí kò lè tọ́jú tiwọn: àwọn iléèwé mélòó kan, ilé ẹjọ́ kan, àti ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òdìkejì afárá. Àwọn ẹ̀rọ náà kò sí nínú ọ́fíìsì yìí. Inú gbọ̀ngàn kan ni wọ́n wà níbòmíràn, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń fi wọ́n yáni. Ọwọ́ ènìyàn kò ká wọn. Ètò kan ló ń dá wọn sílẹ̀, tó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì, tó ń wò wọ́n tọ̀sán tòru, tó sì ń pa èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá lò mọ́. Alágbàtọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ ètò náà.

Ohun tí Alágbàtọ́ fi ń ṣiṣẹ́ kò ju ìrántí rẹ̀ lọ, fáìlì kan tó kọ gbogbo rẹ̀ sí: ẹ̀rọ báyìí, èmi ni mo dá a, ibi báyìí ni mo fi sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí. Bí ìrántí náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó lè mú un ṣìnà. Àmọ́ bí kò bá rí i, kì í sọ pé "N kò rí i." Ohun tó máa ń sọ ni pé "Kò sí nǹkan kan." Á sì bẹ̀rẹ̀ ayé lákọ̀tun.

Ìdí nìyẹn tí Ìyàwó fi kọ ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tó bá ń kó láti ilé kan bọ́ sí òmíràn, bí Alágbàtọ́ ti fẹ́ kó lọ sínú ètò tuntun lónìí, lè gbàgbé ẹrù sójú ọ̀nà. Bó bá dé ilé tuntun tí kò rí ẹrù, kó béèrè, kó má kàn gbà pé òun kò ní nǹkan kan rí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, Akọ̀wé ní kó lọ sinmi, pé ọ̀fọ̀ máa ń sọ ènìyàn di oníbẹ̀rù.

Ó mọ̀ pé wọ́n ń wá ọ̀nà tí òun yóò gbà lọ. Ó sì ń fara dà á, nítorí iṣẹ́ yìí nìkan ló kù láyé tí ọwọ́ òun àti ti ọkọ òun jọ wà nínú rẹ̀. Wọn kò bímọ. Nígbà mìíràn tó bá ṣí abala kan nínú Alágbàtọ́, á bá ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀: "Ìyàwó ló rí àṣìṣe yìí, kì í ṣe èmi." Á ka irú rẹ̀ kan lóòjọ́, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń ṣọ́ oògùn lò.

* * *

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wọn tún péjọ síwájú tẹlifísàn ara ògiri. Kí Alágbàtọ́ tó ṣe ohunkóhun, ó máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó sọ ọ́.

Ẹ̀rọ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀: kò sí. Ẹ̀rọ tí n ó tún ṣe: kò sí. Ẹ̀rọ tí n ó dá: gbogbo rẹ̀.

Ìyàwó dìde. "Ẹ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ó ní òun kò mọ ìkankan nínú wọn."

"Ètò tuntun ni," ni Akọ̀wé wí. "Ọmọ tí a bí lónìí, ṣé o fẹ́ kó mọ ìyá ìyá rẹ̀ ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kó sọ. Ó yẹ kó ní òun mọ gbogbo wọn, kó sì ní kò sí èyí tí òun fẹ́ dá. Ìrántí rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wo ibi tó—"

"Jókòó."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni mo—"

"Mo ní kí o jókòó, ìyàwó! Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni o rò pé ó ń bá ọ sọ̀rọ̀? Ẹni tó máa ń gbé ọ gẹ̀gẹ̀ ti lọ. Ẹlẹ́rìn-ín, tẹ̀ ẹ́."

Ẹlẹ́rìn-ín wo ojú obìnrin náà, ó wo ojú ọ̀gá, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìlà kan yọ ní àwọ̀ ewé, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ògiri náà fi kún. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń súre fún ìjọ. Kò tíì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ tí fóònù orí tábìlì fi dún.

Ìyàwó ló gbé e. Obìnrin tó ń ṣe alábòójútó yàrá ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má pè láti ṣàròyé.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ṣe fún mi? Ojú kọ̀ǹpútà mi ṣófo. Ó ń kí mi káàbọ̀! Ó ní kí n fi orúkọ sílẹ̀, bí ẹni pé n kò débẹ̀ rí. Níbo ni ẹ̀jẹ̀ mi wà?"

"Màmá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

"N kò ní ìṣẹ́jú. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún kan lókè, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún fìríìjì mi, nọ́ńbà nìkan ló wà lára àpò rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń mọ èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò àti èyí tó bá ti ẹni tó fẹ́ gbà á mu. Ṣé kí n máa fi ojú lásán mú un ni?"

Ìyàwó ju fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì láìpa á. Ó fi ìbàdí ti àga Ẹlẹ́rìn-ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dúró síwájú kíbọ́ọ̀dù. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Alágbàtọ́ ti dá ẹ̀rọ tuntun tí kò ní nǹkan kan nínú, ó ti fún wọn ní àdírẹ́sì àwọn ti àtijọ́. Agbálẹ̀, apá ètò náà tó máa ń yí gbọ̀ngàn ká láti wá ẹ̀rọ aláìlẹ́ni, sì ti ń pa àwọn ti àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò rí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ìyàwó dá Agbálẹ̀ dúró. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ náà ṣì ń mí. Ti yàrá ẹ̀jẹ̀ kò mí mọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sọnù, ó wà ní títì pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìrántí.

Ó wá ìrántí lọ síbi tó máa ń wà. Kò sí ìrántí níbẹ̀. Ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí mọ́.

Ó yíjú padà. "Ta ló fọwọ́ kan àkáǹtì ọkọ mi?"

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, inú àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni gbọ̀ngàn ni ìrántí ń gbé. Ta ló pa á?"

"Èmi ni," ni Akọ̀wé wí. Ó ń gbìyànjú láti jẹ́ kí ohùn òun rọrùn. "Láàárọ̀ yìí. Ó ti sú mi kí n máa rí orúkọ òkú ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí nǹkan. Ṣé òkú ń ṣiṣẹ́ ni? Ẹni tí kò sí, kò sí."

"Ṣé ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Lọ́wọ́ ta ni kí n béèrè? Lọ́wọ́ rẹ?"

Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ni Ìyàwó wí, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bá ọmọdé tó gun orí odi sọ̀rọ̀. "Kò tíì jóná. Bí ènìyàn bá pa àkáǹtì, àwọn tó ni gbọ̀ngàn yẹn máa ń pa á mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó nù ún. Ẹni tó pa á nìkan ló lè ṣí i padà. Ẹ wá jókòó síbí, ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù yín, ìrántí á dé. Màá gbé e fún Alágbàtọ́, màá sì ṣí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá."

Akọ̀wé ti fà sún mọ́ àga kó tó rántí nǹkan kan. Ó dúró.

"Bí mo bá ṣí i, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Ìrántí á—"

"N kò bi ọ́ léèrè ìrántí. Ìwé wo ló máa lọ? Sí ta?"

"Ímeèlì á lọ sọ́dọ̀ gbogbo oníbàárà. Á ní ẹni báyìí pa àkáǹtì yìí láàárọ̀, ẹni yìí kan náà ló ṣí i padà."

"Pẹ̀lú orúkọ mi."

"Orúkọ yín náà ni, ọ̀gá."

Láti inú fóònù tó wà lórí tábìlì, ohùn Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ń dún fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́: "Ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ̀yin ará ibẹ̀?"

Akọ̀wé tẹ fóònù náà kí obìnrin yẹn má baà gbọ́ wọn mọ́. Ó wá fa àga kan, ó jókòó síwájú Ìyàwó, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Wò ó. Ta ló yọ ìbéèrè yẹn kúrò láàárọ̀?"

Akọ̀wé wo ojú rẹ̀.

"Orúkọ ta ni ètò kọ sílẹ̀? Ká ní ìbéèrè yẹn wà níbẹ̀, ṣé gbogbo èyí á ṣẹlẹ̀? Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń sọ ọ́. Nítorí náà, kí á tó ṣe ohunkóhun, o máa gbé fóònù yẹn, o máa sọ fún ilé ìwòsàn pé ìwọ lo yọ ààbò kúrò nínú ètò, pé ìwọ lo fà á. Fóònù wa ń gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá ṣí àkáǹtì. Bí wọ́n bá wá rí orúkọ mi, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo yọ wọ́n nínú ewu."

"Akọ̀wé." Kò mọ ìgbà tó pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Obìnrin kan ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Ìyẹn ni mo ṣe ní kí o tètè sọ ọ́."

"Ẹ ṣí i. Màá sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Mo ṣèlérí."

"Rárá. Lẹ́yìn náà, o máa ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo mọ̀ ọ́."

Akọ̀wé fa fóònù tirẹ̀ yọ lápò, ó pe ẹnì kan, ó bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀, ó sì gbé e sáàárín wọn. Ìyá ọkọ Ìyàwó ni.

"Ìyàwó," ni ohùn àgbà náà wí.

"Màmá, ẹ káàsán, mà."

"Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan jókòó tì ọ́ nídìí tábìlì oúnjẹ, o ń wò ó títí ó fi kú."

"Màmá, mo gbé e dé—"

"Mo ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ló kù. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Àmọ́ bí ẹnì kan bá máa ṣubú, kó má jẹ́ èyí tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ta ló ń dúró dè ọ́, ìwọ? Ta lo fẹ́ fi iṣẹ́ yẹn bọ́?" Ó mí sínú fóònù. "O kò bí fún wa. A kò lé ọ. Ṣe eléyìí fún wa."

Ìyàwó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yíká yàrá. Ọ̀kan ń wo bàtà rẹ̀. Òmíràn ń fi ìka nu eruku tí kò sí lórí tábìlì. Ó wo Ẹlẹ́rìn-ín, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láàárọ̀, tó fi ẹnu ara rẹ̀ ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè. Ẹlẹ́rìn-ín ya ojú sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Bí ó bá sọ ọ́, kò ní wọ inú Alágbàtọ́ mọ́ láyé. Kò sí ilé iṣẹ́ mìíràn tí yóò gbà á lẹ́yìn irú èyí. Gbogbo ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ọkọ rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́, àwọn tó ti ń ṣọ́ lò, tó ṣì ku púpọ̀ tí kò tíì kà, yóò wà níbẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti yí kọjá.

Ó gbé fóònù orí tábìlì, ó ṣí ohùn fún Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi?"

"Mo ti ń pariwo látìgbà yìí!"

"Èmi ni mo yọ ààbò kúrò nínú ètò láàárọ̀. Èmi ni mo fà á tí ojú kọ̀ǹpútà yín fi ṣófo."

"Kí ló kàn mí?" ni Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ké. "Bó o bá fẹ́, kó jẹ́ èṣù ló fà á! Fún mi ní ẹ̀jẹ̀ mi! Ìjẹ́wọ́ lo wá ń ṣe fún mi, ẹni tó wà lórí tábìlì ń kú lọ!"

Akọ̀wé mi orí pé ó tó. Ó sún mọ́ kíbọ́ọ̀dù, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ṣì í tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Àkáǹtì náà ṣí, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì yọ sí ara ògiri ní lẹ́tà ńlá. Kò sẹ́ni tó wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìyàwó jókòó sídìí iṣẹ́. Ó gba ìrántí, ó yẹ̀ ẹ́ wò kó má baà jẹ́ ti àná, ó gbé e fún Alágbàtọ́, ó sì bi í léèrè ohun tó mọ̀. Alágbàtọ́ dárúkọ gbogbo wọn. Ìyàwó gba àdírẹ́sì kúrò lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ òfìfo, ó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀, ó ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ó ti rí i pé ọwọ́ òun kì í gbọ̀n nígbà tó bá yẹ kó gbọ̀n.

"Màmá, ẹ wò ó nísinsìnyí."

Ó gbọ́ tí ìyá náà ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, tó ń ka nọ́ńbà fún ẹnì kan, tí ẹnì kan sì ń sáré lọ. Fóònù náà kú.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ní kí wọ́n lọ mu omi. Ó ní kí Ìyàwó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ni yóò parí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, fóònù tún dún, Ìyàwó náà ló sì gbé e, nítorí gbogbo ọwọ́ yòókù ló sá fún un.

Ohùn Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ti di ohùn obìnrin tó ti dàgbà.

"Gbogbo rẹ̀ ló pé. N kò rí èyí tó sọnù."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ọmọ wà láàyè. Obìnrin ni."

Ìyàwó tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ṣé kò pẹ́ jù tí a fi—"

"Ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀," ni Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ wí. "Ó dé. Àmọ́ ìyá ọmọ ti lọ jìnnà kó tó dé." Lẹ́yìn ìyẹn ó ní, "Wọ́n ní kí n béèrè orúkọ ìwọ tó o sọ pé ìwọ lo fà á."

Akọ̀wé ti sún mọ́ ọn láìmọ̀. Ó ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀ pé kó dárúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú àṣẹ mọ́. Ó ń bẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó fún wọn ní orúkọ rẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì náà kò pè rí. Ó wá béèrè pé, "Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Níbo ni ì bá lọ? Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Ẹ bá mi dá a dúró. Mò ń bọ̀."

"Kí lo fẹ́ wá ṣe?" Ìyá náà kò fi ìbínú béèrè rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì kì í wá. Ìwé lẹ máa ń kọ."

"Mo mọ̀, mà."

Ó gbé àpò rẹ̀. Akọ̀wé tẹ̀ lé e dé ẹnu àtẹ̀gùn.

"Ìyàwó wa. Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ fẹ́ sọ fún un? Ẹ ti parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ti wà nílẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ lọ sọ?"

Ó gbọ́ "ẹ" náà. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ó fi ẹsẹ̀ kọjá afárá, nítorí ọkọ̀ kún, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án. Ó ń ronú ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà tirẹ̀, ó sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dún nínú etí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Kò ní sọ ìkankan nínú wọn. Bí wọ́n bá bi í ní ilé ẹjọ́, ní ọ́fíìsì, ní ọ̀dọ̀ ẹbí, ó ti sọ pé òun ni, kò sì ní yí i padà. Àmọ́ ọkùnrin yẹn kì í ṣe oníbàárà. Yóò sọ fún un bó ṣe lọ láti àárọ̀, ẹni tó ní kí wọ́n ṣe kí ni, ẹni tó ṣe é, ẹni tó ń wò. Ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn náà, kí ọkùnrin náà ṣe ohun tó bá wù ú pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni nílé ìwòsàn náà, tí iná rẹ̀ funfun jù. Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ní gíláàsì. Báàgì aṣọ ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Ó ń fa síìpù rẹ̀ ṣí, ó ń fà á pa. Kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó rọra fọwọ́ kàn án léjìká, kò dúró.

Nígbà tó rí i pé obìnrin kan dúró síwájú òun, ó gbójú sókè.

"Ẹ káalẹ́, mà. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"N kò mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Àmọ́ mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo wá sọ ọ́ fún yín."

Ọkùnrin náà gbé báàgì náà kúrò lórí itan rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì sún kó lè rí ibi jókòó.